Ìwé Ilé Etí Òkun Nínú Òjò Ìlọrin

Yanrìn ló kọ́kọ́ jábọ́ látinú ẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lé orí máṣíìnì, mò ń dúró de obìnrin kan tó ní òun á wá gba bùbá òun ní aago méjìlá, aago mẹ́ta ti lù (ẹ̀yin náà kúkú mọ àwọn oníbàárà wa), òjò ti ṣú, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, mo ní kí n kúkú kàwé. Bí mo ṣe tẹ ẹ̀yìn ìwé náà mọ́lẹ̀ kó lè là dáadáa, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti àárín, níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó funfun, ó kúnná bí iyọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ikán ló ti wọ ìwé mi, mo fi ìka méjì ra á wò, ó ń dún kírí kírí. Yanrìn ni. Yanrìn etí òkun.

Ìwé òkìríkà ni o. Ẹnìkan ti jókòó sétí òkun níbì kan ní Amẹ́ríkà, ó ki ẹsẹ̀ bọ yanrìn, ó kà á tán, ó jù ú sínú páálí, páálí wọ kọ̀ǹtẹ́nà, kọ̀ǹtẹ́nà gun orí omi, ó sọ̀ sí Èkó, tírélà gbé e wá sí Ìlọrin, ó bá ara ẹ̀ lórí tapólì ní àdúgbò Post Office, èmi wá rà á ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ́yìn tí mo ti ná an títí tí ọkùnrin tó ń tà á fi bú sẹ́rìn-ín. Tó bá di ọ̀rọ̀ òkun, ẹ̀gbọ́n mi ni ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ irú ìwé tí mò ń sọ. Ara páálí iwájú lẹ ó ti dá a mọ̀: omi aláwọ̀ búlúù, àga pákó gbọọrọ, fìlà koríko, àti obìnrin kan tó kẹ́yìn sí wa. Gbogbo ìgbà ló máa ń kẹ́yìn sí wa. Ó lè jẹ́ kí olúkúlùkù lè rò pé òun ni wọ́n ń wí ni wọ́n ṣe ń fi ojú pa mọ́, èmi ṣáà mọ̀ pé mo ti kọ́ oríṣi ọrùn ẹ̀yìn méjì lára páálí ìwé wọ̀nyí, mo sì ti rán an fún èèyàn. Nínú ìwé ọ̀hún, obìnrin ló pọ̀ jù: ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sí yunifásítì, nígbà míì ìyá ọkọ. Ilé kan wà tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí òkun. Àṣírí kan wà. Ọkùnrin kan wà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó ti fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì níyàwó títí di báyìí, ẹ ò rí i pé irọ́ ńlá nìyẹn.

Mo ti kà tó ogún nínú wọn. Àwọn tó mọ̀wé máa ń yínmú sí i, wọ́n ní ìwé ọlẹ ni, ìwé tí èèyàn ń kà tí ò ní fi orí ronú. Wọ́n tọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi orí ro bí aṣọ yáàdì mẹ́rin ṣe máa tó ìyá kan tó fẹ́ ìró àti bùbá àti gèlè láti àárọ̀, ṣé orí náà ni kí n tún gbé wá sí ìdí ìwé ni?

Sọ́mà, ìgbà oòrùn àwọn òyìnbó, ló ń jọba nínú ìwé wọ̀nyí. Tí ẹ bá ní kí n fi ọjọ́ ìsinmi wọn kà á, ó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, Memorial Day ni wọ́n ń pè é, ó parí ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, ìyẹn Labor Day. Àárín ọjọ́ méjèèjì yẹn ni gbogbo ìfẹ́, ìjà, àṣírí àti ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ parí sí, torí tí Labor Day bá ti kọjá wọ́n á ti ilé pa, oníkálukú á padà sí Boston tàbí New York. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń fi Ìlọrin ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin inú ìwé ń pariwo oòrùn, wọ́n ń kun òróró sí èjìká, èmi gbé báàfù sábẹ́ ibi tí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti ń jò, mo ń fi ẹsẹ̀ tì í síwá sẹ́yìn kó má baà ta sí léèsì oníléèsì, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ mi, ọ̀nà Tánkè ti di odò níta. Ká ní ìgbà ọyẹ́ ni mò ń kà á, bóyá n ò ní gbádùn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyálọ́jà irú ìwé yìí, lójú tèmi, ni Elin Hilderbrand. Ọdún 2000 ló gbé àkọ́kọ́ jáde, The Beach Club, láti ìgbà náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdọọdún ni, erékùṣù kan náà sì ni gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, Nantucket, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní 2024 ló wá ní ó tó gẹ́ẹ́, ó fi Swan Song ti ilẹ̀kùn àwọn ìwé sọ́mà Nantucket. Ọdún yẹn náà ni Netflix gbé The Perfect Couple jáde, ìwé tó kọ ní 2018, Nicole Kidman ló ṣe ìyá ọkọ inú ẹ̀. Ìyá ọkọ yẹn á bá ilé ẹlòmíì mu ní Ìlọrin níbí o, ẹ má jẹ̀ẹ́ n dárúkọ àdúgbò.

Mo wá Nantucket lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi dátà tí mo fẹ́ fi wo sitáì wá a, n ò kábàámọ̀. Erékùṣù náà tó bí 48 kìlómítà sí ilẹ̀ ńlá. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ láti Hyannis, ìlú kan ní ilẹ̀ ńlá, èyí tó yára á gbé yín dé ní bíi wákàtí kan, èyí tó ń gbé mọ́tò á lo wákàtí méjì àti díẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lọ nínú ìkànìyàn 2020, èrò sọ́mà ló ń sọ ọ́ di ọjà. Ilé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ eérú kan náà: pákó kédà pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, wọn kì í kùn ún, afẹ́fẹ́ òkun á sọ ọ́ di eérú fúnra ẹ̀. Èèyàn ò sì lè déédéé ní òun fẹ́ kun tòun ní yẹ́lò, ìgbìmọ̀ ń ṣọ́ ọ láti 1955. Mo rántí ilé aláwọ̀ ewé tí ẹnìkan kọ́ sí àdúgbò wa, mo ní ìgbìmọ̀ yẹn ì bá dára fún wa.

Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni ti àbùùbùtán. Láyé àtijọ́, pípa àbùùbùtán, ẹranko òkun ńlá yẹn, ni iṣẹ́ ibẹ̀, torí òróró ẹ̀ tí wọ́n fi ń tan fìtílà. Àwọn ọkùnrin á wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n lè lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lórí omi kí wọ́n tó dé. Ta ló wá ń tajà nílé? Ìyàwó. Ta ló ń ka owó, ta ló ń rà, ta ló ń fọwọ́ sí ìwé? Ìyàwó náà ni. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin pọ̀ ní Centre Street dé ibi pé wọ́n ń pe apá kan níbẹ̀ ní Petticoat Row. Petticoat! Èmi télọ̀ ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀: tòbí ni. Òpópónà Tòbí. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi bi mí pé ta ni mò ń bá ṣàtì. Látìgbà yẹn, tí mo bá rí i nínú ìwé pé obìnrin ló ń darí ilé, tí ọkọ wà lọ́ọ̀fíìsì níbì kan, tó ń dé ní Fráídè tó sì ń lọ ní Sọ́ńdè, mi ò pè é ní àròsọ mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì ni wọ́n sọ ìwé yìí di nǹkan míì. Tí kò bá sí iná tí a ò sì lè lọṣọ, wọ́n á ní “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ bá a dé?” Mo wá ń sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. N ò ní dárúkọ ìwé tí mo sọ lọ́jọ́ náà, torí bó ṣe rí nìyẹn nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ ṣáà gbọ́.

Mo ní, “Ìyá kan kú.”

“Kí ló pa á?”

“Àìsàn ni, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ púpọ̀. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta, ó sì fi ilé kan sílẹ̀ létí òkun.”

“Kò bí ọkùnrin?”

“Kò bí.”

“Bàbá wọn ńkọ́?”

“Ó ti kó lọ tipẹ́. Ó fẹ́ ẹlòmíì.”

Èyí tó dàgbà nínú àwọn ọmọ náà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ará inú Ìlọrin ni, láti agboolé ńlá kan. “Èyí tó fẹ́ yẹn bímọ?”

“Ó bí ọmọ kan.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ yẹn ń bọ̀ wá pín nínú ilé.”

“Ilé ìyá ni, kì í ṣe ilé bàbá.”

“Ìyá ló kọ́ ọ?”

“Ìyá ìyá wọn ló fi sílẹ̀ fún un.”

Ó mú sísọ́ọ̀sì ẹ̀. “Ó da. Ẹ máa sọ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Àgbà jẹ́ lọ́yà, kì í sùn, kì í jẹun, fóònù ló ń jẹ. Èkejì, ọkọ ẹ̀ ti ń yọ́ jáde. Àbíkẹ́yìn ń ṣe kéèkì, gbogbo ìwé wọ̀nyí ló ní ẹnìkan tó ń ṣe kéèkì. Lẹ́tà kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá. Àgbà fẹ́ kí wọ́n ta ilé, owó orí ilé ti pọ̀ jù, òrùlé ti ń jò. Àbíkẹ́yìn ní àfi tí òun bá kú. Èkejì ń sunkún.

“Yàrá mélòó ni ilé náà?” Àbúrò nínú àwọn ọmọṣẹ́ ló bèèrè.

“Mẹ́fà.”

“Èèyàn mẹ́ta, yàrá mẹ́fà.” Ó wo ẹnìkejì ẹ̀. “Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí?”

Kò yé wọn rárá. Wọ́n ń retí olórí ẹbí, wọ́n ń retí àwọn àbúrò bàbá, wọ́n ń retí ẹni tó máa sọ pé wọ́n sin ìwọ́ òun sí ẹ̀yìnkùlé yẹn. Àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ ní ẹbí inú ìwé yẹn ti kéré jù láti ní irú ìjà bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún wọn nípa ẹjọ́ kan tí lọ́yà kan tó jẹ́ oníbàárà mi sọ fún mi, ẹjọ́ tó ti Èkó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, wọ́n dá a ní 1962. Bàbá kan kú, ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí ní ìdí-igi, igi kọ̀ọ̀kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀? Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà, àmọ́ tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe jókòó sí ti lẹ́tà inú dúrọ́ọ̀ lọ. Wọ́n ní ìyẹn ló yẹ kí wọ́n kọ ìwé lé lórí. Èyí àbúrò kúkú ti mọ irú ìtàn etí òkun yìí tẹ́lẹ̀, ó ti wo The Summer I Turned Pretty lórí fóònù, ó mọ orúkọ gbogbo wọn, èmi ni n ò tètè mọ̀ pé ìwé ni kó tó di fíìmù, Jenny Han ló kọ ọ́ ní 2009, fíìmù dé ní 2022, ó parí ní 2025. Ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan, ọmọbìnrin kan. Àgbà ní tó bá jẹ́ ilé àwọn ni, wọn ò ní dé apá kejì kí wọ́n tó pe ìpàdé ẹbí.

Mo ní ẹjọ́ tèmi náà pẹ̀lú ìwé wọ̀nyí o. Ta ló ń fọ aṣọ ìbùsùn? Yàrá mẹ́fà, àlejò ń wọlé ń jáde, táwẹ́ẹ̀lì kún fún yanrìn, kò sẹ́ni tó ń sá aṣọ. Wọ́n á ní obìnrin kan ń wá tún ilé ṣe ní Túsìdeè, orí ìwé mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́. Ní Nantucket gan-an, ilé ti wọ́n débi pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò rí ibi gbé, àwọn kan ń wọ ọkọ̀ wá láti ilẹ̀ ńlá láràárọ̀ tí wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́. Ìtàn obìnrin ọjọ́ Túsìdeè yẹn lèmi fẹ́ kà. Ti oúnjẹ náà: alákàsà ni ṣáá, alákàsà pẹ̀lú bọ́tà, alákàsà nínú búrẹ́dì. Mo máa ń dín wàrà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu mi má baà ṣòfò.

Òkun ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti fojú rí i. Mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n mú wa lọ kí àbúrò bàbá mi l'Ékòó, wọ́n gbé wa lọ sí Bar Beach. Ohun tí mo rántí ni ariwo. Mo ti rò pé omi tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ á dákẹ́ bíi ti ìdídò Àgbà tàbí ti Asà, àṣé ńṣe ló ń pariwo bí ọjà. Ẹṣin kan ń lọ ń bọ̀, wọ́n ń gba owó lórí ẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi ní àwa ará Ìlọrin kì í sanwó gun ẹṣin. Omi gba sálúbàtà mi kan lọ. Mo sunkún títí dé ilé. Bar Beach yẹn ò sí mọ́ báyìí, òkun ń ya wọ títì Ahmadu Bello léraléra ni wọ́n ṣe da yanrìn dí i, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ lónìí.

Mo rò pé èyí tí wọn kì í sọ púpọ̀ nínú ìwé nìyẹn, pé òkun ń jẹ ilé. Ní apá ìlà-oòrùn Nantucket, ní Siasconset, òkè etí omi ń wó díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti gbé àwọn ilé kan kúrò níbẹ̀, àwọn kan ti lọ. Ilé iná atọ́kọ̀ Sankaty tó ti wà níbẹ̀ láti 1850, wọ́n gbé e odindi sẹ́yìn ní 2007 kó má baà já sínú òkun. Wọ́n gbé ilé oníbíríkì dúró ṣánṣán, wọ́n tì í lórí irin! Nígbà tí mo mọ èyí ni ìjà àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn wá yé mi díẹ̀. Wọ́n ń jà lórí nǹkan tó ń lọ.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, mo ti ń yí i ká.

Ìyá màmá mi kọ́ ilé kan sí Òmù-Àrán. Òun ló kọ́ ọ o, èlùbọ́ àti gààrí ló tà títí, yàrá mẹ́rin àti ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú, sìmẹ́ńtì pupa nílẹ̀ tí a máa ń fi ìpara kan pọ́n títí èèyàn á fi rí eyín ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí tó yè. Àgbà wà ní Ọ̀fà, màmá mi ni èkejì, Ìlọrin níbí, àbíkẹ́yìn wà ní Kàdúná. Ìyá Àgbà kú ní 2014. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ilẹ̀kùn pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró ẹ̀, ó gbé e lọ sí Ọ̀fà. Kò sẹ́ni tó bínú sí i nígbà yẹn, àgbà ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló yẹ kó wà.

Kò wá sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ mọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Tí òkú bá ṣẹlẹ̀ ní Òmù, wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á padà nírọ̀lẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì ni Àǹtí Kàdúná máa ń dé sí. Wọ́n kì í jà o! Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn lórí fóònù, “ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́”, wọ́n ń fi àdúrà ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp láràárọ̀, àwòrán òdòdó wà lára ẹ̀. Koríko ti ga dé fèrèsé. Nínú ìwé òyìnbó, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta á pariwo, wọ́n á ju ṣíbí, wọ́n á mu wáìnì, wọ́n á sunkún, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á jọ mu kọfí. Mo máa ń kà á, ara mi á máa ta. Mo ń jowú àwọn tí a fi yíǹkì kọ.

Oṣù kẹjọ èṣí ni mo bá lọ sí Ọ̀fà. Mo rán bùbá òfì kan fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, n ò gba owó, mo kúnlẹ̀, mo ní Màmá, kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà, mo fẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sùn nílé ìyá yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wò mí. Ó ní “Ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní “Kí la wá fẹ́ lọ ṣe?”

Ọ̀rọ̀ gùn, ẹ jẹ́ n gé e kúrú: wọ́n lọ. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn lọ, a gba ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo, mo ti rán àwọn ọmọ lọ ro koríko ṣáájú. Kọ́kọ́rọ́ ò ṣí àgádágodo, ó ti dípẹtà, àfìgbà tí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, nǹkan tó wà létí ìró láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ò wúlò fún nǹkan kan. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òrùlé jò lójú mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ni ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló dá a sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ìkòkò tí Ìyá Àgbà fi ń ro ọkà nígbà ayẹyẹ, Àǹtí Kàdúná ní wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀ fún òun látìgbà tí òun ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n ní ta ló ṣèlérí, níṣojú ta ni, màmá mi ní òun wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní òun náà mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa ń gbè síra yín láti kékeré. Áà! Wọ́n kó o síta. Ti ìkòkò, ti ilé ìwé tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n dá dúró kó lè bá ìyá tajà kí àwọn àbúrò lè kàwé, ti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ń ṣàìsàn tí ẹnìkan ò tètè dé. Ẹ̀gbọ́n sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà ṣájà lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n wọlé tàbí kí n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọn ò sọ nǹkan kan nípa àná. Àǹtí Kàdúná ń fi ẹsẹ̀ pa sìmẹ́ńtì pupa, ó ní ìpara yẹn ò tíì tán lára ẹ̀.

Mo mú ìwé kan dání, èyí tó ní yanrìn. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tísà ni kó tó fẹ̀yìntì, ó gbé gíláàsì sójú, ó ń kà á sókè, ó ń túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bó ṣe ń lọ, ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ páráìmárì kẹta ló fi ń kà á. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìhágún. Ẹ̀gbọ́n dá a dúró.

“Ìyá náà ti kú?”

“Ojú ìwé kìíní ló ti kú.”

“Nígbà tó wà láyé ńkọ́, wọ́n máa ń wá?”

Màmá mi ṣí ojú ìwé sẹ́yìn, ó wá a. “Wọ́n ní àyè ò gbà wọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n mú aṣọ ìborí ẹ̀, ó nu ẹnu. Ó ní kí màmá mi pa ìwé yẹn dé, kó gbé mọ́ínmọ́ín tó kù wá.

Ọdún yìí náà wọ́n ní àwọn ń lọ, oṣù kẹjọ yìí náà ni. Káfíńtà ti gba owó páànù lọ́wọ́ wa, a ṣì ń wá a. Ìkòkò wà ní Kàdúná. Ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí lóṣù tó kọjá, ó ní kí n má gbàgbé láti mú ìwé dání, ṣùgbọ́n èyí tí ìyá ò kú nínú ẹ̀ lòun fẹ́. Mo ti lọ sí Post Office lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin tó ń tàwé ti bá mi tú báńdù méjì. Mo ń ka ojú ìwé kìíní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, nínú òjò, mi ò tíì rí ọ̀kan.